Kúbùsù Tó Wà Lára Igi Písì

Kò sí àgbàlagbà ọkùnrin ní Ha Sekete, abúlé orí òkè kan, tó jẹ́ lọ síwájú baálẹ̀ láìda kúbùsù bora. Sekhobe, bàbá Lineo, lọ sípàdé bẹ́ẹ̀. Aṣọ tábìlì ìyàwó rẹ̀, olódòdó pupa, ló dà bo èjìká, nínú oṣù keje, tó jẹ́ ìgbà òtútù níbẹ̀, tí òtútù ń wọ eegun.

"Sekhobe, kúbùsù rẹ dà?"

"Ó wà lára igi písì mi, Baálẹ̀."

"Igi lo da kúbùsù bò?"

"Bí òtútù bá mú mi, màá sún mọ́ iná. Igi ńkọ́? Ẹsẹ̀ wo ló fẹ́ fi rìn?"

Ẹ̀rín ló tú ìpàdé ká, kò sẹ́ni tó rántí ohun tí wọ́n torí ẹ̀ pè é.

Ìyá Lineo nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Kúbùsù ìgbéyàwó wọn ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bí Lineo ni wọ́n gbin igi eléso náà, Lineo sì ti lọ́kọ sọ́nà jíjìn. Igi yẹn ni wọ́n fi ń rántí rẹ̀ nílé.

Nítorí igi yìí kan náà ni bàbá Lineo ṣe ń gbe omi òjò láti orí páànù sínú àgbá, torí òjò kì í rọ nígbà òtútù. Ìyàwó rẹ̀ kò gbọdọ̀ bù ú fọṣọ.

"Ṣé igi ló ń se oúnjẹ fún ọ ni?"

"Má bínú, Ìyá Lineo. Odò ò kúkú jìnnà."

Bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òun ló ń lọ sódò.

Lọ́dún kan, ó rọ omi kún àgbá dé ẹnu, ó sì dé e pinpin. Nígbà tílẹ̀ máa mọ́, omi ti di yìnyín, àgbá ti là sí méjì. Àwọn èèyàn ń kí i pẹ̀lẹ́.

"Pẹ̀lẹ́ kí ni? Àgbá ló lọ, omi ṣì dúró. Ta ló tún ń wá àgbá?"

Ọ̀sán pọ́n, yìnyín yọ́, omi sì ṣàn lọ sínú oko ẹ̀fọ́ Tankiso, aládùúgbò wọn. Bàbá Lineo gbé garawa, ó lọ kan ilẹ̀kùn.

"Tankiso, omi mi wà lọ́dọ̀ rẹ."

"Ó ti wọlẹ̀ lọ, ẹ̀gbọ́n."

"Kò burú. Màá dúró dè é."

Ìrọ̀lẹ́ ló tó lọ, lẹ́yìn tó ti jẹun níbẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń béèrè omi náà, títí kan ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. "Ó ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n," ni Tankiso máa ń dáhùn.

Oṣù keje ọdún kọkànlá ni bàbá Lineo kú. Àwọn àgbà ní kí wọ́n lọ mú kúbùsù rẹ̀ wá, kí wọ́n fi wé e. Ìyá Lineo bá a lára igi, níbi tí ọkọ rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ so ó mọ́. Kò lè tú u.

"Ẹ wá aṣọ mìíràn," ló ní. "Bí mo bá tú u, yóò dìde bá mi jà."

Aṣọ tábìlì olódòdó ni wọ́n fi wé e. Baálẹ̀ wò ó títí. "Ó ti wọ̀ ọ́ wá síwájú mi rí," ló ní. "Ó bójú mu." Wọ́n rẹ́rìn-ín tẹkúntẹkún.

Nígbà tó di oṣù kẹjọ, àgbá tuntun tí olóògbé rà ti gbẹ, igi náà sì gbẹ ganrín. Ìyá Lineo jókòó sídìí rẹ̀. Ṣé ọkọ àti igi, àwọn méjèèjì ló máa lọ ni? Ibẹ̀ ni Tankiso bá a, ó gbé garawa tó kún.

"Omi ẹ̀gbọ́n ni mo kó wá. Ẹ má bínú, ó pẹ́ díẹ̀. Ọ̀la ni màá mú òmíràn wá."

Ó ń gbé e wá lójoojúmọ́ títí igi náà fi tanná. Ìgbà náà ni Ìyá Lineo tó tú kúbùsù, ó sì dà á bo èjìká ara rẹ̀.