Wáyà Kejì

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, àwa mẹ́ta dúró ti alùpùpù kékeré kan ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì: èmi, ẹ̀gbọ́n mi Ráímì, àti ọ̀gá tó ń kọ́ ọ níṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ẹgbẹ́ mi yóò rántí bí ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ṣe máa ń rí n'Ílọrin, tí òórùn wàrà tí wọ́n ń dín yóò gba àdúgbò kan. Lọ́jọ́ náà, n kò gbọ́ òórùn wàrà. Ohun kan wà lára alùpùpù náà tí èmi nìkan mọ̀.

Ọmọ ọdún méjìlá ni mí. N kò tíì lọ sílé-ìwé. Láàárọ̀, mà á pọnmi, mà á gbá ojúde, mà á lọ sí ilé-kéwú. Bí mo bá pẹ́ dé, alfa yóò ní kí n fi ìka kan kanlẹ̀ kí n gbé ẹsẹ̀ kan sókè, títí òógùn yóò fi máa kán sórí wàláà tí mo fi ń kéwú. Bí a bá ti jáde, ó di ṣọ́ọ̀bù Ráímì. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń yí táyà kiri. Èmi ń fi bẹntiróòlù fọ nọ́ọ̀tì. Òórùn rẹ̀ kì í kúrò lọ́wọ́ mi, kódà bí mo bá ń jẹ ẹ̀kọ.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Ráímì. Ọmọkùnrin kan láti àdúgbò Challenge ti fi eré alùpùpù borí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ráímì ní òun yóò kan tòun, ẹlẹ́ńjìnnì méjì. Ó tú ẹ́ńjìnnì lára àlòkù alùpùpù méjì, ó ní kí wẹ́dà jó páìpù omi pọ̀ ṣe egungun rẹ̀, ó sì fi táyà kékeré méjì ti alùpùpù Fẹ́sípà sí i. Kò ga ju orúnkún àgbà lọ. Ìyá wa wò ó títí, wọ́n ní, "Ṣé ewúrẹ́ ló máa gùn ún ni?" Ọ̀gá ní tiwọn mi orí. "Orogún ni ẹ́ńjìnnì méjì," wọ́n ní. "Ohun tí o bá ṣe fún ìyáálé, ṣe é fún ìyàwó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilé á gbóná."

Ẹ́ńjìnnì méjèèjì kò gbọ́ràn sí ọwọ́ epo kan ṣoṣo, nítorí náà Ráímì de epo wọn mọ́ ibi eré tó ga jù. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló lè dá wọn dúró. Wáyà kan yóò ti ibẹ̀ lọ sára ẹ́ńjìnnì iwájú, èkejì yóò lọ sára ti ẹ̀yìn. Ọwọ́ mi kéré, ó ń wọ ibi tí tiwọn kò lè wọ̀, èmi ni wọ́n ní kí n so wọ́n. Mo so ti iwájú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ mú ti ẹ̀yìn nígbà tí Ìyá pè mí pé kí n wá wẹ̀, àwọn èèyàn ti ń lọ kírun Jímọ̀. Mo ti wáyà náà bọ ibi tí àga yóò jókòó lé, mo sáré lọ. Nígbà tí mo fi padà dé, wọ́n ti de àga àti táǹkì mọ́ ọn, Ráímì sì ti fi ọ̀dà pupa kùn ún.

A gbé ìdí rẹ̀ lé búlọ́ọ̀kù láti dán an wò. Epo tí a rọ sí i kò ju ìdérí ìgò mẹ́ta lọ. Ẹ́ńjìnnì méjèèjì ké, ilẹ̀ ń gbọ̀n, títí epo fi tán tí wọ́n kú fúnra wọn. Kò sẹ́ni tó tẹ bọ́tìnnì.

Ọ̀gá fọwọ́ kàn mí lórí. "Ọwọ́ ọmọ yìí mọ́."

"Àbúrò ta ni?" Ráímì dáhùn. "Bó ṣe ń kéwú náà ló ń so wáyà. Kì í fo ẹsẹ kankan."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Nílé wa, àbúrò kì í dójú ti ẹ̀gbọ́n níwájú ọ̀gá rẹ̀. Mo ní mà á sọ ọ́ bó bá ku àwa méjì. Nígbà tó ku àwa méjì, Ráímì ń kọrin.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lójú ọ̀nà Òkè-Òyi tí òun àti ọmọ Challenge ti fẹ́ sá eré, ó jókòó lé e, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì sì gbé ìdí rẹ̀ sókè kí táyà má bàa kan ilẹ̀ bó bá tan án. Ó yíjú sí mi.

"Ṣé gbogbo ẹ̀ pé?"

"Ó pé."

Ó tan án, wọ́n sọ ìdí rẹ̀ kalẹ̀, eré bẹ̀rẹ̀.

Ó fi ọmọ Challenge sílẹ̀ bí ẹni fi igi tó dúró sílẹ̀. Nígbà tó kọjá ibi tí eré parí sí, ó tẹ bọ́tìnnì, mo gbọ́ tí ariwo náà dín kù sí ìdajì. Ìdajì kejì kò dákẹ́. Ó ń fa búrẹ́ẹ̀kì, alùpùpù ń fà á lọ, ó yà kúrò lójú ọ̀nà, ó lọ kọlu òkìtì yangí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ṣẹ́ níbi méjì.

Oníṣègùn eegun tò ó, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà kò ká dáadáa mọ́, kò sì lè fi í tẹ alùpùpù kó tan. Ráímì fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó lọ ń dáko l'Ókè-Òyi. Òun ló bẹ Ìyá pé kí wọ́n fi mí sílé-ìwé, kí n má bàa ṣe irú iṣẹ́ tó ṣe òun léṣe. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí láàárín àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà. Orúnkún mi kì í wọ abẹ́ tábìlì. Ọ̀gá ní ṣéènì ló fa ìjàǹbá náà. Ráímì ní òun ni kò tẹ bọ́tìnnì dáadáa. Mo gbọ́, mo dákẹ́. Mo dàgbà, mo gbéyàwó, ìyàwó mi sì kú láìgbọ́ ọ̀rọ̀ wáyà náà lẹ́nu mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi Àmínà, tó ń kọ́ nípa ẹ́ńjìnnì ní yunifásítì, pè mí sí ṣọ́ọ̀bù wọn ní Tanke kí n wá wo ohun tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kàn fún ìdíje. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo dúró síbẹ̀. Alùpùpù kékeré ni, ẹlẹ́ńjìnnì méjì.

"Bàbá mi, ẹ súnmọ́ ọn, kò ní bù yín jẹ."

"Báwo lẹ ṣe ń pa á?"

Ó tan án. Ó fa ọwọ́ mi sórí bọ́tìnnì kan. Mo tẹ̀ ẹ́, méjèèjì sì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìwé kan wà lára ògiri wọn. Ẹni tó bá so nǹkan yóò kọ orúkọ síbẹ̀, ẹlòmíràn yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò kó tó kọ tirẹ̀. Ẹni tó kéré jù láàárín wọn ti kọ ọ́ síwájú iṣẹ́ olórí wọn pé, "Kò tíì pé." Olórí náà ń tún un ṣe, kò bínú.

Ìgbà tiwa ládùn. Ọmọ kì í sùn lébi bí ilé kejì bá dáná, a sì mọ ọ̀wọ̀. Àmọ́ ọ̀wọ̀ náà le débi pé ọmọdé lè rí ewu kó má lè sọ ọ́ jáde. Àwọn ọmọ òde òní ń já ara wọn ní koro, wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn wálé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Òkè-Òyi. Ráímì ń bẹ ẹ̀gẹ́ níwájú ilé, ẹsẹ̀ ọ̀tún nà gbọọrọ. Mo sọ ti alùpùpù Àmínà fún un, ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo sọ tiwa.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wáyà kejì, n kò so ó. Mo mọ̀ pé n kò so ó nígbà tí ẹ bi mí."

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ náà.

"Àmínà ńkọ́? Ó so tiẹ̀?"

"Ó so méjèèjì."

"Alihamudulilai."

Ó na ọ̀bẹ kejì sí mi. Mo jókòó tì í, mo bẹ̀rẹ̀ sí bẹ ẹ̀gẹ́.