Àdúrà tí Ìyá Mutallib Ṣe fún Ọnárébù

Ìrẹsì Ìgbẹmọ nìkan ni Àlàájà Khadeejah ń tà ní Ọjà Ọba. Ẹni tó bá lọ bi í bóyá ó ní ìrẹsì òyìnbó, onítọ̀hún ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ gba èébú. Ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ rẹ̀ ni mo ti ń ta ìwé àti bírò látìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, nítorí náà etí mi ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. A ń pè é ní Àlàájà, bẹ́ẹ̀ kò wọ ọkọ̀ òfuurufú rí láyé rẹ̀. Owó Mẹ́kà tó ń tọ́jú ló fi rán Mutallib, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí, lọ sí pólì. Ó ní Ọlọ́run ti rí i pé òun ti múra ìrìn àjò, ìyẹn náà tó Mẹ́kà. Èmi Modúpẹ́ tí mo jẹ́ onígbàgbọ́, èmi náà ń bá wọn pè é ní Àlàájà.

Mutallib jáde ní pólì, kò ríṣẹ́. Ó gun ọ̀kadà díẹ̀, ó bá wọn gé búlọ́ọ̀kù díẹ̀, nígbà tó yá, ó lọ wọ iṣẹ́ sójà láìsọ fún ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ tó wá sọ fún un, Àlàájà kò jẹun, kò sì bú u, ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára gan-an. Wọ́n gbé ọmọ lọ sí Borno. Ọdún méjì ni wọ́n pè é. Nígbà tó pé, wọ́n ní kó ṣe sùúrù. Nígbà tí ọdún mìíràn tún gorí rẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún un mọ́.

Aláwàdà ọmọ ni tẹ́lẹ̀, ìyá rẹ̀ ló jọ. Ṣùgbọ́n látìgbà tí wọ́n ti pa Adébáyọ̀, ọmọ Ìgèdè kan tí wọ́n jọ ń sùn nínú àgọ́, bó bá pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, mímí lásán ni yóò máa mí sí i létí. Ìyá yóò sọ̀rọ̀ títí, yóò sọ ti ọjà, yóò sọ ti òjò, yóò sọ ti èmi tí mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọmọ yóò kàn máa ní "hẹ̀n, Màámi." Lọ́jọ́ kan ló wá la ẹnu. "Màámi, ó ti rẹ̀ mí. Bí wọn ò bá jẹ́ kí n wá sí ulé lọ́dún yìí, mi ò mọ ohun tí mo máa ṣe o." Àlàájà gbé fóònù náà lé orí àpò ìrẹsì, ó wá ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo mú ọmọ náà wọṣẹ́.

Ìyá Adébáyọ̀ tó kú yẹn, Fúnkẹ́mi, onídìrí ní Ìgèdè, ló dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Òun ló wá Àlàájà wá sí ọjà, nítorí orúkọ Mutallib kì í kúrò lẹ́nu ọmọ rẹ̀ nígbà tó wà láyé. Ó ní ọmọ òun wà ní jẹ́léósinmi nígbà tí ogun yìí bẹ̀rẹ̀, ó dàgbà, ó gùn ju òun lọ, ó sì lọ kú sínú ogun kan náà. Ó ní bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti kú bá ní kí wọ́n wá ọ̀nà àlàáfíà, wọn yóò ní ìbànújẹ́ ló ń dà á láàmú. Bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣì wà láàyè bá sọ ọ́, wọn yóò ní ojo ni. Nítorí náà, kí àwọn méjèèjì jọ sọ ọ́ pọ̀. Bí Ẹgbẹ́ Ìyá Sójà fún Àlàáfíà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. A kò pọ̀. Bí gbogbo wa bá péjọ, bọ́ọ̀sì kan gbà wá, àyè a sì tún ṣẹ́ kù. Èmi kò ní ọmọ lójú ogun, ṣùgbọ́n wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé nítorí iṣẹ́ tí mo ṣe. Àlàájà ní bí mo bá kọ̀, kí n yáa kó ìwé mi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun.

Àsìkò yẹn ni a gbọ́ lórí rédíò pé àbá kan ti dé iwájú Ilé Aṣòfin ní Àbújá. Wọ́n fẹ́ kí sójà tó bá ti wà lójú ogun wà níbẹ̀ títí ogun yóò fi parí, kí ẹnikẹ́ni má lọ rọ́pò rẹ̀. Ogun tí kò parí láti ọdún gbọọrọ yìí wá, òun ni wọ́n ní kí àwọn ọmọ náà dúró dè. Ọnárébù Ayọ̀rìndé, aṣojú tiwa, yóò wà lára àwọn tí yóò dìbò lé e lórí. A pinnu pé a óò lọ bá a nílé iṣẹ́ rẹ̀ ní Adó. Fúnkẹ́mi ni yóò sọ ti àlàáfíà, kí Ọnárébù dìde nínú Ilé, kí ó ní kí wọ́n wá ọ̀nà mìíràn yàtọ̀ sí kí a máa sin ọmọ. Àlàájà ni yóò wá bi í léèrè ohun kan ṣoṣo: ṣé yóò dìbò pé rárá? A kọ́ ọ nínú ìsọ̀ mi bí àwọn ọmọ iléèwé ṣe ń kọ́ ewì.

Nígbà tí a débẹ̀, Pamílẹ́rìn, ọmọkùnrin tó ń bá Ọnárébù ṣètò àlejò, tò wá sórí àga. Ó bi wá bóyá ẹ̀rọ ìránṣọ ni a fẹ́ tàbí ẹ̀rọ ìlọta. Mo sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ni a bá wá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ohun tí gbogbo ẹgbẹ́ tó ń wá máa ń kọ́kọ́ sọ nìyẹn. Mo fẹ́ fún un lésì, àmọ́ Fúnkẹ́mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀.

Oòrùn ti kúrò lójú fèrèsé kan bọ́ sí òmíràn kí Ọnárébù tó wọlé. Bó ṣe wọlé, ó ṣí fìlà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ níwájú wa. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá mi." Ẹ gbà mí, báwo ni ènìyàn ṣe fẹ́ bá ẹni tí àyà rẹ̀ wà nílẹ̀ fa ọ̀rọ̀? Kí ó tó dìde, gbogbo wa ti ń súre fún un, a ní kó pẹ́ láyé, a ní kó rí ọmọ tí yóò dọ̀bálẹ̀ fún òun náà. Inú ń bí mi, síbẹ̀ ẹnu mi wà níbẹ̀.

Ó ní kí a tó sọ̀rọ̀ kankan, kí a kọ́kọ́ fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́, kí àgbà inú wa gbàdúrà. Gbogbo ojú yí sí Àlàájà. Kò sẹ́ni tó mọ àdúrà í gbà bíi tirẹ̀ ní gbogbo Ọjà Ọba. Àwa onígbàgbọ́ pàápàá, bí a bá fẹ́ ṣí ìsọ̀ tuntun, òun là ń pè kí a tó pe pásítọ̀, pásítọ̀ sì mọ̀. Ta ni yóò sì ní kí ènìyàn gbàdúrà ní ilẹ̀ wa yìí, tí onítọ̀hún yóò ní òun kò gbà? Ta ni yóò jókòó sílé onílé, tí yóò wá máa yọ onílé sílẹ̀ nínú àdúrà? Àlàájà dìde. Mo rí i tí oníkámẹ́rà tó tẹ̀lé Ọnárébù wọlé gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sókè, n kò rò ó sí nǹkan kan.

"Ọlọ́run, dá ẹ̀mí àwọn ọmọ wa sí. Kí ọta ìbọn má bà wọ́n, mú wọn padà wá sí ulé ní ayọ̀. Jẹ́ kí wọ́n ṣẹ́gun ọ̀tá. Ọnárébù tó dọ̀bálẹ̀ fún wa yìí, kó pẹ́ láyé. Uṣẹ́ tó bá dáwọ́ lé nínú Ilé yẹn, kó yọrí. Ohun tó bá sọ níbẹ̀, kó ṣẹ."

Àmín tí a ṣe mi yàrá náà. Fúnkẹ́mi pàápàá ṣe é.

Lẹ́yìn náà ni Fúnkẹ́mi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ń sọ ọ́ dáadáa. Ọnárébù fi áńkáṣíìfù bojú, ó ń mi orí. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ wọra ni Pamílẹ́rìn ti gbé fóònù wá, Ọnárébù gbé e sétí, ó sì dìde, ó ní wọ́n ń dúró de òun ní Àkúrẹ́. Kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà, Àlàájà ti dúró síbẹ̀.

Ó ní, "Ọnárébù, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mo ń bèrè o. Ṣé ẹ máa dìbò kí ọmọ mi lè wá sí ulé?"

Ọnárébù fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ìyá mi, àdúrà yín ti gbà." Bó ṣe bọ́ sínú ọkọ̀ nìyẹn.

Wọ́n gbé àpò ìrẹsì kọ̀ọ̀kan fún wa, ìrẹsì òyìnbó, àwòrán Ọnárébù wà lára àpò. Lọ́jọ́ mìíràn, Àlàájà ìbá ti bú Pamílẹ́rìn débi tí yóò fi wá ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ó rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà, ó sì gba tirẹ̀. Nínú bọ́ọ̀sì, ó ń tún un sọ pé àdúrà ti gbà. Mo ní ọkùnrin náà kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó dáhùn pé kí ni mo tún fẹ́ kí ènìyàn sọ lẹ́yìn ìyẹn. Fúnkẹ́mi ń wo ìta ní tirẹ̀. Ó ní òun kò tíì dé ibi orúkọ ọmọ òun tí ọkùnrin náà fi dìde.

Àlàájà pe Mutallib lọ́jọ́ náà gan-an, ó ní kó máa palẹ̀ mọ́. Ó sọ fún mi pé ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi, àkọ́kọ́ láti ìgbà tí Adébáyọ̀ ti kú. Àlàájà kun yàrá ọmọ náà, ó ra fóòmù tuntun síbẹ̀. Kò sí oníbàárà tó rajà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà tí kò mọ̀ pé Mutallib ń bọ̀.

Inú ọjà ni a wà ní òwúrọ̀ tí rédíò sọ pé àbá náà ti wọlé. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ ohùn Ọnárébù. Ó ní àwọn ìyá sójà wá bá òun nílé, wọn kò sunkún, wọn kò ráhùn, ìṣẹ́gun ni wọ́n gbàdúrà fún, wọ́n sì ní ohun tí òun bá dáwọ́ lé kó yọrí. Ó ní orí ìyẹn ni òun dúró lé tí òun fi dìbò pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n wá fi ohùn Àlàájà sí i, láti ibi tó ti ní kí wọ́n ṣẹ́gun, pẹ̀lú àmín wa tó ń hó gèè lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin tó ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ kí i kú oríire, ó ní ohùn rẹ̀ dùn lórí rédíò. Àlàájà bá a wọn ìrẹsì rẹ̀ tán, ó dì í fún un, ó dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ló fi aṣọ bo ìrẹsì tó kù, ó sì jókòó tì í títí tí ọjà fi tú.

Èmi àti Fúnkẹ́mi padà lọ sí ilé iṣẹ́ Ọnárébù. Kò sí nílé. Pamílẹ́rìn bi wá ṣé ìrẹsì náà kò kárí ni. Fúnkẹ́mi yí padà, ó sì lọ wọ ọkọ̀ Ìgèdè. Kò pe ìpàdé mọ́ láti ọjọ́ náà. Èmi náà kò ní agbára àtipè é.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Mutallib pè. Ariwo ọjà pọ̀, Àlàájà ṣí ohùn fóònù náà síta kí ó lè gbọ́. Ọmọ náà kò mí lásán lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní ọ̀gá wọn kó gbogbo wọn jọ sórí pápá, ó ní àwọn ìyá wọn ti ránṣẹ́ láti ilé, ó sì fi àdúrà kan sórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn kí wọ́n gbọ́, ó ní kí wọ́n ṣe àmín.

"A ti ṣe àmín tán kí ẹnìkan tó sọ pé ohùn ará Èkìtì nìyẹn. Màámi, ṣé ẹ̀yin ni?"

Mo ń ṣẹ́jú sí i kó sọ pé wọ́n tàn wá ni. Àlàájà kò wo ọ̀dọ̀ mi.

Ó ní, "Èmi ni. Ṣùgbọ́n mo ní kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí, kó mú yín padà wá sí ulé. Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ sọ."

"Wọn ò fi ìyẹn sí i, Màámi."