Fùkù Bàbá Mi

Ara bàbá mi ti yá báyìí, alihamudulilahi, ìdí nìyẹn tí mo fi lè sọ̀rọ̀ yìí láìsunkún. Ṣùgbọ́n mi ò tíì dárí ji obìnrin tó ń pín èsì fọ́tò àyà nílé ìwòsàn kan ní Mọniya.

"Bàbá, fùkù yín ti ní kókó," ló wí, lójú gbogbo àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Ó yẹ kó pè wá wọlé, kò pè wá. Dókítà ló yẹ kó sọ èsì, kì í ṣe òun. Ta ló sì ń pe ẹ̀dọ̀fóró èèyàn ní fùkù? Inú ọbẹ̀ ni fùkù ń gbé. Àpòlúkù ló wà nínú èmi àtiẹ̀, kì í ṣe ṣàkì. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mi ò sì rọra sọ ọ́.

"Ẹ̀ẹ́ pẹ̀lẹ́, àǹtí. Ṣé kí n máa da gírámà bo bàbá arúgbó ni? Ohun tó máa yé wọn ni mo sọ."

Ó yé wọn lóòótọ́, ibẹ̀ gan-an ló ti burú. Alápatà ni bàbá mi. Ní odò ẹran tó wà lẹ́yìn ọjà wa, tí wọ́n bá ti la màlúù, wolé-wolé á fọwọ́ tẹ fùkù rẹ̀ káàkiri. Tó bá ti kan kókó, ẹ̀bẹ̀ ò sí mọ́. Wọ́n á gbẹ́ kòtò, wọ́n á jù ú sí i, wọ́n á da kẹrosíìnì lé e kí ajá má baà hú u. Àìmọye irú kòtò bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi ti gbẹ́.

Nígbà tí a délé, bàbá mi ti oògùn tí a gbà nílé ìwòsàn sábẹ́ ìrọ̀rí, wọn ò lò ó. Wọ́n wá ń pọ́n àwọn ọ̀bẹ wọn, wọ́n ń fi aṣọ dì wọ́n, bí ẹni tó fẹ́ pín ogún.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lo oògùn yín."

"Má dà mí láàmú. Fùkù tó ti ní kókó, ta lo rí tó tún un ṣe rí?"

"Ẹ kì í ṣe màlúù!"

"O ò tíì la èèyàn wò," ni wọ́n wí, ikọ́ sì gbé wọn.

Mo bẹ̀ wọ́n, mo bá wọn jà, títí wọ́n fi bá mi padà lọ bá dókítà. Mo ròyìn ọ̀rọ̀ fùkù màlúù fún dókítà, ó sì gbé fọ́tò náà sójú iná.

"Bàbá, ẹ̀dọ̀fóró yín rèé. Ikọ́ fée ló wọ̀ ọ́."

"Kókó ńkọ́?"

"Màlúù ti kú kí ẹ tó rí fùkù rẹ̀. Tiyín ṣì ń mí. Èyí tó bá ń mí, oògùn á ràn án, á jinná."

Bàbá mi tẹjú mọ́ fọ́tò náà.

"Lóòótọ́, mi ò rí fùkù tó ń mí lọ́wọ́ wa rí." Wọ́n na ọwọ́ gba oògùn tí mo mú dání. "Omi dà?"

Wọ́n ń lò ó lọ láìpa ọjọ́ kan jẹ, títí dókítà fi ní ó tó. Ní Iléyá tó kọjá, àwọn fúnra wọn ló pa àgbò wa. Wọ́n fa fùkù rẹ̀ yọ, wọ́n tẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n gbé e sókè hàn mí.

"Akọ̀wé, fùkù rèé! Ẹ̀dọ̀fóró ń bẹ níbí." Wọ́n gbá àyà wọn, kò sì sí ikọ́ tó tẹ̀ lé e.

Obìnrin yẹn ò tíì bẹ̀ wá. Mo ṣì ń retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo jẹ fùkù náà lọ́jọ́ náà, ó sì dùn.