Tọ́tà Tí Kò Ní Mílíìkì, Àti Ẹ̀sùn Tí Bàbá Mi Fi Kàn Mí

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nílé bàbá mi ní Mákun, ní Ṣàgámù, lọ́jọ́ Àjíǹde kan báyìí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Bí mo bá rántí ẹ̀, ẹ̀rín á máa pa mí, kódà bí mo bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì!

Kúùkù ni bàbá mi. Kì í ṣe kúùkù yẹpẹrẹ o! Ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó Ìtálì tó ń la ọ̀nà márosẹ̀ ni wọ́n ti ṣiṣẹ́. Ìyàwó ẹnjiníà kan ló kọ́ Bàbá ní oúnjẹ wọn, èyí tó sì gba Bàbá lọ́kàn jù ni oúnjẹ dídùn kan tí wọ́n ń pè ní tọ́tà.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Wọ́n á po fúláwà mọ́ ẹyin, ṣúgà àti bọ́tà, wọ́n á tẹ́ ẹ sínú páànù bí ẹní. Wọ́n á wá ro wàrà rírọ̀ pọ̀ mọ́ ẹyin, ṣúgà àti èèpo ọsàn, wọ́n á dà á sórí rẹ̀, wọ́n á fi fúláwà pípò tí wọ́n gé tínínrín dábùú òkè rẹ̀ bí irin ojú fèrèsé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yan án. Áà! Ẹni tó bá jẹ ẹ́ kò ní fẹ́ gbọ́ orúkọ kéèkì mọ́.

Àjíǹde làwọn Ìtálì máa ń ṣe é fún. Bàbá gbé e wálé. Ní àdúgbò wa, bí Àjíǹde bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n á máa bi wá bóyá Bàbá ti gbé páànù síná. Kristẹni ń béèrè, Mùsùlùmí ń béèrè. Wọn kì í ta irú wàrà yẹn ní Ṣàgámù, nítorí náà mílíìkì ni Bàbá máa ń sè, wọ́n á fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i títí á fi dì, wọ́n á sì fi aṣọ sẹ́ ẹ.

Wàhálà dé nígbà tí Bàbá lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún. Ikùn wọn kọ mílíìkì. Kí wọ́n ṣáà ti kán an sí tíì lásán, ṣáláńgá ló kù! Dókítà ní kí wọ́n má fẹnu kàn án mọ́, àti mílíìkì, àti bọ́tà, àti wàrà Fúlàní, gbogbo ẹ̀ pátá. Bàbá gbọ́rọ̀ sí dókítà lẹ́nu. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, wọn ò wọ ilé ìdáná mọ́. Kì í ṣe tọ́tà nìkan ni wọ́n pa tì o, wọn ò se nǹkan kan mọ́!

Ọkùnrin tó jẹ́ pé nígbà ayé ìyá mi, wọn kì í jẹ́ kí ìyá mi dá ọbẹ̀ sè, wọ́n wá ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti àárọ̀, wọ́n ń ka ìwé ìròyìn àná. Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní kúùkù tí kò lè tọ́ ohun tó ń sè wò, afọ́jú tó ń wa mọ́tò ni. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé ọkàn. Mo bẹ̀ wọ́n, wọn ò gbà; Àjíǹde méjì kọjá, kò sí tọ́tà.

Tíṣà ni mí ní Ìkẹ́nnẹ́ nígbà náà. Orí mi sì le, ẹ bi ọkọ mi! Mo pinnu pé bàbá mi á padà sídìí ààrò, bí wọ́n fẹ́ bí wọ́n kọ̀. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń ṣe oúnjẹ tó jẹ́ pé mílíìkì ló kún inú rẹ̀, láìlo mílíìkì?

Ìyá Ṣèyí ló yọ mí. Iléèwé kan náà la jọ ń kọ́, ará Ìlíṣàn ni, inú ìjọ àwọn tó ń sinmi lọ́jọ́ Sátidé ló wà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í jẹran, ẹ̀wà sóyà ni wọ́n fi ń dípò. Ó ní ṣé mi ò mọ̀ pé ẹ̀wà sóyà ní mílíìkì tirẹ̀ ni? Ó ní kí n rẹ ẹ́, kí n bó o, kí n lọ̀ ọ́, kí n sẹ́ ẹ, kí n se omi rẹ̀ kó hó dáadáa, kí n wá da omi kíkan orí ògì sí i. Ó ní á dì bíi wàrà. Mo rẹ́rìn-ín. Omi orí ògì! Ohun tí à ń dà nù!

Ti àkọ́kọ́ bàjẹ́. Mi ò jẹ́ kó hó tó, ó wá ń rùn bí ẹ̀wà tútù. Ọkọ mi tọ́ ọ wò, ó rọra gbé síbí kalẹ̀, ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé àwọn ní mítìǹgì. Mítìǹgì wo, ní ọ̀sán Sọ́ńdè? Èkejì sàn díẹ̀. Ẹ̀kẹta ńkọ́? Ẹ̀yin èèyàn mi, ó funfun, ó rọ̀, kò rùn! Dípò bọ́tà, òróró ni màá fi po fúláwà. Mo ti ṣe tán nìyẹn.

Ní Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde, mo gbé abọ́ wàrà sóyà mi, mo fi aṣọ funfun bò ó, mo wọkọ̀ lọ sí Ṣàgámù. Ìyá Ọ̀fìn ni mo bá ní ẹ̀yìnkùlé. Àbúrò Bàbá ni wọ́n, àdúgbò Ọ̀fìn ni wọ́n lọ́kọ sí, ìdí tí a fi ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Àwọn ló ń wá se oúnjẹ fún Bàbá. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo gbé abọ́ sí ilé ìdáná, mo ní mò ń lọ ra ẹyin. Ẹ wo àṣìṣe mi: mi ò sọ ohun tó wà nínú abọ́! Mi ò fẹ́ kí Bàbá gbọ́ ni.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọmọ Rẹ́mọ, ó lè má yé yín. Nílé wa, ọmọbìnrin tó bá mọ ìwà hù kì í gbé odidi ewùrà fún àgbà, nítorí ewùrà máa ń yún ọwọ́. Á ti rin ín látilé rẹ̀, á bò ó wá, kí àgbà kàn máa dá a sínú ọbẹ̀, kó di ìkọ́kọrẹ́. Ó ti ń yé yín, àbí?

Kí n tó ti ọjà dé, òórùn ẹja gbígbẹ àti epo pupa ti gba gbogbo àgbàlá. Ìyá Ọ̀fìn ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ọmọ mi, o ṣeun o! O rántí wa! Àmọ́ ewùrà tó o rin yìí ò fà rárá. Bó o bá tún fẹ́ rà á, wá bá mi ní ulé, kí n mú ọ yún ibi tí wọ́n ti ń ta gidi."

Mo ṣí ìkòkò. Wàrà sóyà mi, iṣẹ́ ọjọ́ méjì, òun ló ń hó nínú ata! Mo jókòó sórí àpótí, omi ń bọ́ lójú mi. Nígbà tí mo ṣàlàyé, Ìyá Ọ̀fìn káwọ́ lérí, wọ́n ní "Yéè! Mo gbé!" Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí, èmi náà ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bẹ̀ mí mọ́. Ohùn Bàbá láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló pa wá lẹ́nu mọ́, wọ́n ń béèrè bóyá kò sí oúnjẹ nílé yìí lónìí. Èmi àti Ìyá Ọ̀fìn wo ara wa. A bu ìkọ́kọrẹ́ sóyà fún wọn. Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n sì ní ká tún bu sí i? A rẹ́rìn-ín débi pé a fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sínú ààrò.

Ẹ̀rín tán, iṣẹ́ kù. Ẹ̀wà sóyà díẹ̀ ṣì wà nínú báàgì mi. Kò sí àyè láti rẹ ẹ́ di ọjọ́ kejì, omi gbígbóná la dà lé e lórí. Ìyá Ọ̀fìn fàáké kọ́rí pé àwọn làwọn máa lọ̀ ọ́. Orí ọlọ ni wọ́n ti lọ̀ ọ́, obìnrin ẹni bí ọgọ́ta ọdún! Ó kúnná ju ti ẹ̀rọ lọ. Mo sáré lọ tọrọ omi ògì lọ́wọ́ aládùúgbò, ó bi mí ta ni ara rẹ̀ ò yá tí a fẹ́ rẹ àgbo fún. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wàrà ti dì, a ti fi òkúta tẹ̀ ẹ́ kó ro. Ìyá Ọ̀fìn kò sì jẹ́ kí eṣinṣin pàápàá sún mọ́ ọn.

Ní àárọ̀ Àjíǹde, kí a tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lu ẹyin. Bàbá rò pé àwọn àlejò ni mo ń ṣe tọ́tà fún. Wọn ò wọlé wá. Ṣùgbọ́n etí wọn wọlé! Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti kígbe pé ẹyin yẹn kò tíì tó, pé àwọn ń gbọ́ ọ. Mo tún lù ú. Mo da yanrìn sí ìsàlẹ̀ ìkòkò irin ńlá, mo gbé páànù lé e, mo dé e, mo kó ẹyín iná sórí ìdérí, bí mo ṣe máa ń rí i tí wọ́n ń ṣe nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Wọ́n tún kígbe pé ẹyín òkè ti pọ̀ jù. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Wọ́n ní òórùn ni.

A ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo gé tọ́tà. Mo gbé ti Bàbá fún wọn, mo ní kò sí mílíìkì nínú rẹ̀, kò sí bọ́tà. Wọ́n wò mí bí ẹni ń wo oníjìbìtì. Wọ́n fẹnu kàn án. Wọ́n jẹ díẹ̀ sí i. Wọ́n pa ojú dé. Wọ́n jẹ ẹ́ tán pátápátá! Nígbà tí wọ́n máa lajú, ojú ti yí padà.

"Bísí, o ti pa mí!"

Mo ní kí ló ṣẹlẹ̀, Bàbá? Wọ́n ní mílíìkì ni! Wọ́n ní àwọn tí àwọn se wàrà fún àwọn Ìtálì fún ọ̀pọ̀ ọdún, ta ló lè fi mílíìkì pamọ́ fún àwọn? Mo búra. Mo gbé Bíbélì. Ìyá Ọ̀fìn na ọwọ́ wọn méjèèjì tí ọlọ ti bó síwájú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀wà ni o! Ẹ wo ọwọ́ mi!"

Bàbá ní àwa méjèèjì la jọ dìtẹ̀. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe? Wọ́n gbé àga, wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé lọ, wọ́n gbé e kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ṣáláńgá. Pẹ̀lú agbádá ọdún lọ́rùn! Kẹ́tùrù omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìwé ìròyìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, wọ́n ń dúró de ikùn wọn.

Àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í dé, wọ́n ń béèrè Bàbá. Kí ni kí n wí? Mo ní wọ́n wà lẹ́yìnkùlé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lọ kí Bàbá kú ọdún, wọ́n á tún kí wọn kú ìfaradà lẹ́ẹ̀kan náà. Alájì tó ń gbé ní òdìkejì wa gba tọ́tà tiẹ̀, ó dúró jẹ ẹ́ níwájú Bàbá, ó ní bí èyí bá máa pa èèyàn, kí wọ́n gé òmíràn fún òun.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún yín: inú mi ń dùn! Òótọ́ ni pé ẹ̀rù ń bà mí díẹ̀, bóyá mo ti ṣe nǹkan kan tí mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Kúùkù àwọn Ìtálì jẹ oúnjẹ mi, wọ́n sì ń pariwo pé mílíìkì wà nínú rẹ̀! Oríyìn wo ló tún jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Aago méjì lù, kò sí nǹkan. Nígbà tó di aago mẹ́ta, Bàbá ti ka ìwé ìròyìn tán, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ojú ìwé kìíní. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin àbọ̀, ikùn wọn kùn. Ìyá Ọ̀fìn di ọwọ́ mi mú. Bàbá gbé ọwọ́ lé ikùn, wọ́n tẹ́tí sí i, ó sì yà wọ́n lẹ́nu nígbà tí wọ́n sọ pé ebi ni.

Wọ́n dìde. Wọ́n bọ́ agbádá, wọ́n kó o lé mi lọ́wọ́. Wọ́n kọjá lára wa, wọ́n wọ ilé ìdáná. Lẹ́yìn ọdún méjì ó lé! Mo gbọ́ tí wọ́n ń ṣí abọ́ kan tẹ̀ lé òmíràn. Wọ́n pè mí.

"Bísí! Mú ẹ̀wà tó ò ń pariwo rẹ̀ wá, kí n rí i."

Mo gbọn báàgì mi, mo kó hóró mélòó kan tó kù sí àtẹ́lẹwọ́ wọn. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n fi eyín gé ọ̀kan. Wọ́n ní kò burú. Wọ́n ní ṣùgbọ́n èèpo ọsàn mi ti pọ̀ jù, ìsàlẹ̀ tọ́tà náà sì le nítorí pé mo ti pò ó jù, ta ló kọ́ mi ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Mo ní ẹ̀yin ni, Bàbá. Wọ́n ní irọ́ ni. Wọ́n ní kí n gbé kóńgò méjì wá ní Sátidé tó ń bọ̀, kí n sì tètè dé, àwọn ò fẹ́ ọmọ iṣẹ́ tó ń pẹ́. Wọ́n sì tẹ̀ síwájú, wọ́n fẹ́ iná, wọ́n béèrè ata. Àwọn ló se ọbẹ̀ tí gbogbo wa jẹ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo sunkún ayọ̀ dáadáa, mo nu ojú, mo padà wá gé àlùbọ́sà.

Kí ni mo rí kọ́? Bí àgbà bá fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀bẹ̀ kì í sábà dá a padà. Mo ti bẹ Bàbá títí, etí ikún ni wọ́n kọ sí i. Ẹ lọ ṣe iṣẹ́ náà níṣojú rẹ̀, kó dára, ṣùgbọ́n kó kù díẹ̀ káàtó. Kò ní lè jókòó!

Títí Bàbá fi dágbére fún ayé, ẹni tó bá ti wọlé ni wọ́n ń sọ fún pé àwọn làwọn dá tọ́tà ẹ̀wà sílẹ̀, pé èmi Bísí kàn ń bá àwọn bu omi ni. Mi ò jiyàn rí. Ì bá wù mí kí wọ́n ṣì máa pa irọ́ yẹn lónìí.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló ti fẹ̀sùn kàn yín rí, tó jẹ́ pé inú yín ń dùn bí wọ́n ṣe ń bá yín wí? Ẹ má fi pamọ́ o, ẹ sọ ọ́ fún wa níbí!