Ọjọ́ Tí Bàbá Mo-Ti-Wọ̀n-Ọ́n Takìtì

Ọjọ́ Sátidé ni, ọjọ́ tí àwọn òbí máa ń wá wo ohun tí ọmọ wọn ti kọ́ nínú gbọ̀ngàn ìtàkìtì. Wọ́n jókòó yí ògiri ká. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ tò sí ẹ̀yìn fóòmù gígùn tó wà láàárín gbọ̀ngàn, ọmọ ọdún mẹ́fà ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tó kẹ́yìn ìlà náà jẹ́ ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, ó hu irùngbọ̀n funfun, ó sì fi okùn so ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ méjèèjì mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ kí ohun tí kò yẹ kí àwọn òbí rí má baà hàn.

Àwọn òbí rò pé ńṣe ló ń di àyè mú fún ọmọ ọmọ rẹ̀. Nígbà tó kan án, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi lé ìyá kan tí kò mọ̀ rí lọ́wọ́, ó sì ki eré mọ́lẹ̀. Ó fọwọ́ lélẹ̀, ẹsẹ̀ gba òkè kọjá, ara tẹ̀ lé e, gbogbo rẹ̀ sì balẹ̀ gbì. Ẹnu ya gbogbo wọn. Ìyá tó di awò ojú mú kò mọ ìgbà tó gbé e wọ ojú ara rẹ̀.

Kóòṣì, ìyẹn obìnrin tó ń kọ́ wọn, sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ń retí ohun tí gbogbo ẹni tó bá ṣubú níbẹ̀ máa ń sọ. Bàbá gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó sì sọ ọ́ kí gbogbo ilé lè gbọ́.

"Ó dùn mí."

Ọ̀rọ̀ yìí ló bani lẹ́rù ju ìṣubú náà lọ. Nínú gbọ̀ngàn yẹn, ẹni tó bá ṣubú á na ọwọ́ sókè, á pariwo pé "Kò dùn mí", àwọn yòókù á sì pàtẹ́wọ́ fún un lẹ́ẹ̀mẹta. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ Kóòṣì nígbà tó wà ní kékeré, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ láti ọdún mọ́kànlá. Kò sẹ́ni tó sọ òdìkejì rẹ̀ rí. Àwọn ọmọdé wo ojú ara wọn, wọn ò mọ̀ bóyá kí àwọn pàtẹ́wọ́ tàbí kí àwọn sá.

Bàbá tí à ń sọ yìí, káfíńtà ni. Ilẹ̀kùn ló máa ń kàn jù, téèpù rẹ̀ kì í sì í kúrò lápò. Kò sí ọ̀rọ̀ tí ẹ máa bá a jà lé lórí tí kò ní sọ pé "Mo ti wọ̀n ọ́n", ibẹ̀ lorúkọ rẹ̀ ti wá. Aládùúgbò rẹ̀ kan ra bẹ́ẹ̀dì ńlá, bàbá ní kò ní gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Wọ́n ní ìlara ló ń ṣe é. Bẹ́ẹ̀dì sùn síta fún ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó wá bẹ̀ ẹ́ pé kó bá àwọn yọ férémù. Nígbà tí dókítà sì sọ fún un pé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ga, ó bi í pé téèpù wo ló fi wọ̀n ọ́n.

Ohun kan tó fi ń yangàn ju ilẹ̀kùn lọ ni pé kò sí nǹkan tó ń dun òun. Ìgbà kan tí ayùn gé e níka, ọmọ rẹ̀ obìnrin bú sẹ́kún. Bàbá ní kó fi ara balẹ̀, pé ẹ̀jẹ̀ náà ti pọ̀ jù lára òun tẹ́lẹ̀. Ẹ ò rí i pé kò yani lẹ́nu pé ọmọ rẹ̀ obìnrin yìí kan náà, tó jókòó láàárín àwọn òbí lọ́jọ́ Sátidé yẹn, fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú nígbà tó gbọ́ "Ó dùn mí" lẹ́nu bàbá rẹ̀.

Ife tíì ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ ọmọ bàbá, ọmọbìnrin ọdún mọ́kànlá, ló mọ ọ̀kìtì ta jù nínú gbọ̀ngàn. Òun ni Kóòṣì fẹ́ mú lọ síbi ìdíje ńlá tó ku oṣù méjì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá rí i tó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife.

"Kí ló ṣe ọwọ́ rẹ?"

"Kò ṣe nǹkan kan, Bàbá àgbà."

"Fi ọ̀tún nìkan gbé e."

Ọmọ náà gbé e. Ojú rẹ̀ fún pọ̀, ó sì tètè gbé ife sílẹ̀.

"Ṣé ó ń dùn ọ́?"

"Kò dùn mí."

Ìyá rẹ̀ mú un lọ sílé ìwòsàn. Dókítà béèrè níbo ló ń dùn ún, ọmọ ní kò dun òun níbì kankan, dókítà sì ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ara bàbá kò gbà á. Ọdún márùndínláàádọ́ta ló ti ń so ilẹ̀kùn mọ́ férémù, ó sì mọ irin tó máa tó ṣẹ́. Ní ọjọ́ kejì, ó ki téèpù bọ àpò, ó di ọ̀dọ̀ Kóòṣì.

"Bàbá, gbogbo ẹni tó ń kọ́ ìtàkìtì ni ọrùn ọwọ́ rẹ̀ máa ń ro díẹ̀," ni Kóòṣì sọ. "Tó bá yá, á mọ́ ọn lára."

"Ṣé ìrora ni á mọ́ ọn lára ni, àbí ọwọ́ ni á san?"

Kóòṣì fi ọwọ́ òsì bo ọ̀tún. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀ ti ń dùn ún láti ọdún mẹ́sàn-án. Kò lè fi í fún aṣọ tútù, ìgbọ̀nwọ́ ló fi ń ti ilẹ̀kùn, kò sì tíì sọ fún ẹnì kan rí. Ó gbé ojú le.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Igi niṣẹ́ tiyín. Ènìyàn niṣẹ́ tèmi."

"Òótọ́ ni," ni bàbá wí. "Igi kì í sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń wò ó."

Ó lọ sílé, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àkọ́kọ́ tó ṣe kò ṣeé gbọ́ létí. Ó fá pákó méjì dán, ó ní kí wọ́n máa fi awọ so wọ́n mọ́ àtẹ́lẹwọ́ kí ọwọ́ má baà kan ilẹ̀ rárá. Ó ní kí ọmọ òun so méjèèjì mọ́ òun lọ́wọ́ kí òun lè dán an wò. Ọmọ rẹ̀ obìnrin so wọ́n dan-in dan-in, ó gba ibi iṣẹ́ lọ. Ìgbà náà ni bàbá tó rántí pé ẹni tí pákó wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì kò lè tú ara rẹ̀. Ó rìn yí àdúgbò ká. Ẹni tó bá pàdé á bi í pé kí ló dé, á ní òun ń dán iṣẹ́ wò ni, á sì kọjá, torí ojú ń tì í láti sọ pé kí wọ́n tú òun. Nígbà tó padà délé, ó bá ilẹ̀kùn ní pípadé, ilẹ̀kùn tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn, tó sì máa ń fọ́nnu pé ẹni tí kò bá ní ìka kò lè ṣí i. Ó jókòó síta títí ọmọ rẹ̀ fi dé ní ìrọ̀lẹ́.

"O ò sọ fún mi pé o máa pẹ́," ló sọ, ó na ọwọ́ méjèèjì sí i.

Èkejì dára. Ó gé pákó kéékèèké tó ga lẹ́yìn, tó rẹlẹ̀ níwájú, ó fi fóòmù bò wọ́n. Bí ènìyàn bá gbé ọwọ́ lé e, ìdí àtẹ́lẹwọ́ á wà lókè, ìka á wà nísàlẹ̀, ọrùn ọwọ́ kò sì ní í tẹ̀ púpọ̀. Ó gbé wọn lọ sí gbọ̀ngàn, Kóòṣì sì dán wọn wò nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wò ó. Ẹ̀rù bà á, torí ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láàárín ọdún mẹ́sàn-án tó gbé ara lé ọwọ́ tí kò wa eyín pọ̀. Síbẹ̀ ọmọ náà kọ̀, kò fẹ́ lò ó. Ó ní ẹni tí ọwọ́ ń dùn ló ń lò ó, kò sì dun òun.

Ìyẹn ló mú kí bàbá wá forúkọ sílẹ̀ láti kọ́ ìtàkìtì.

"Bàbá, àwọn ọmọdé ni mò ń kọ́," ni Kóòṣì wí.

"Ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí pé arúgbó kò gbọdọ̀ kọ́ ọ?"

Kóòṣì wo ìwé tó lẹ̀ mọ́ ara ògiri. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ gé èékánná, kó má sì jẹ ṣingọ́ọ̀mù. Bàbá fi èékánná rẹ̀ hàn án. Láti ọjọ́ náà, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó ń yí gbirigbiri lórí fóòmù láàárín àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà, wọ́n sì ń pè é ní "ọ̀rẹ́ wa".

Báyìí ni Sátidé ṣe dé, tó ṣubú, tó sì sọ ohun tó sọ. Kóòṣì kúnlẹ̀ tì í.

"Níbo ló ti dùn yín, Bàbá?"

"Ibí yìí, lẹ́yìn ọrùn ọwọ́. Tí gbogbo ara bá ti gùn ún, á dà bíi pé wọ́n ki ìṣó bọ̀ ọ́." Kò wo Kóòṣì. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ló ń wò. "Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi ò dákẹ́ mọ́."

Ọmọ náà kúrò láàárín àwọn àgbà akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wòran. Ó na ọwọ́ ọ̀tún síwájú.

"Ibẹ̀ náà ni tèmi, Bàbá àgbà."

Ọmọ mìíràn ní ibẹ̀ náà ni tòun. Òmíràn ní tòun jẹ́ òsì. Nínú ọmọ mẹ́rìndínlógún, méje ló na ọwọ́. Kóòṣì ń kà wọ́n. Ó ti rò pé akọni lòun ń tọ́.

Ilé ìwòsàn ni wọ́n gbà lọ. Wọ́n ya àwòrán egungun ọwọ́ ọmọ ọmọ bàbá, dókítà sì pe Kóòṣì wò ó. Ibi tí egungun ti ń dàgbà ti fẹ́ máa ya. Bí ọmọ náà bá lọ síbi ìdíje yẹn, ọwọ́ náà lè má dàgbà bó ṣe yẹ mọ́ láéláé. Kó sinmi oṣù mẹ́ta, kó sì padà díẹ̀díẹ̀, á san. Lẹ́yìn náà dókítà gbé àwòrán ti bàbá sókè síná, ó wò ó títí.

"Bàbá, kò sí nǹkan tó ṣe ọwọ́ yín."

"Mo mọ̀."

Ọmọ rẹ̀ obìnrin la ẹnu, kò lè pa á dé. "Irọ́ lẹ pa?"

"Ó di dandan kí ẹnì kan kọ́kọ́ sọ ọ́," ni bàbá wí. "Ẹ̀ ń fẹ́ kó jẹ́ ọmọdé ló máa bẹ̀rẹ̀ ni?"

Ọmọ náà sinmi, ó sì padà sẹ́nu ìtàkìtì nígbà tó di oṣù kẹrin. Wọn ò pariwo "Kò dùn mí" mọ́ nínú gbọ̀ngàn. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, Kóòṣì á ní kí wọ́n yí ọrùn ọwọ́ wọn títí á fi gbóná, á wá béèrè lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan níbo ló ń dùn ún. Bàbá kò kúrò níbẹ̀. Ọdún méjì gbáko ló fi kọ́ ọ̀kìtì, kò sì mọ̀ ọ́n ta títí tó fi dùbúlẹ̀ àìsàn.

Kóòṣì lọ kí i nílé ìwòsàn lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Bàbá ti rù, àmọ́ ó ṣì ń bá nọ́ọ̀sì jiyàn lórí bí bẹ́ẹ̀dì ṣe ga tó. Nígbà tí nọ́ọ̀sì jáde, Kóòṣì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, mi ò tíì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín. Èmi ni mo kọ́ ọmọ yẹn pé kó máa pa á mọ́ra."

"Ta ló kọ́ ìwọ?"

Kóòṣì rántí pé ọmọ ọdún méje lòun nígbà náà, pé òun ṣubú, pé àgbàlagbà kan dúró lé òun lórí tó ń dúró de ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ó sọ ọ́, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Kò sẹ́ni tó tún bi í léèrè láti ìgbà náà.

"Ọwọ́ wo ló ń dùn ọ́ nínú méjèèjì?" ni bàbá béèrè.

Kóòṣì fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ ní kí bàbá sinmi. Omijé ló kọ́kọ́ bọ́.

"Ọ̀tún ni," ló wí. "Ọdún kọkànlá rèé."

Bàbá na ọwọ́ rẹ̀ tó ti gbẹ, ó gbà á mú lọ́rùn ọwọ́. Kò tẹ̀ ẹ́. Oorun gbé e lọ báyẹn. Kóòṣì jókòó tì í títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé, kò sì fa ọwọ́ náà yọ.