Táǹkì Ìyá Li Peng

Khor Teik Hin kì í fi ewéko sínú omi ẹja. Gbogbo ẹni tó ń sin dískọ́ọ̀sì, ẹja pẹlẹbẹ tó rí roboto bí àwo yẹn, ní ìlú Bukit Mertajam, ìhòòhò ni táǹkì rẹ̀ ń wà: gíláàsì, omi, fóòmù kan tó ń sẹ́ ìdọ̀tí, ó parí. Kò sí yanrìn, kò sí igi. Bí ẹja bá yàgbẹ́, ẹni tó ni ín á rí i kedere, á sì fà á jáde kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó bá gbin nǹkan sínú omi, wọn á ní eré ló ń fi ẹja ṣe. Teik Hin kì í fi iṣẹ́ ṣeré. Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló ti wà nínú àgọ́ páànù ẹ̀yìn ilé rẹ̀, gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀ pé ojú rẹ̀ mú. Kó kàn kọjá níwájú táǹkì, á ti mọ èyí tí ara rẹ̀ kò yá. Dískọ́ọ̀sì tí nǹkan bá ń ṣe a máa dúdú, a sì máa lọ dúró sí kọ̀rọ̀. Bó bá ti rí i báyìí, ọwọ́ rẹ̀ á lọ sínú garawa iyọ̀. Iyọ̀ yìí ni oògùn tí bàbá rẹ̀ ń dà sómi ẹja, òun náà lò ó títí ó fi di bárakú fún un.

Siew Ngoh ìyàwó rẹ̀ ló ń ṣe oúnjẹ ẹja. Ọkàn màlúù ni wọ́n ń lọ̀ fún wọn. Siew Ngoh fúnra rẹ̀ kì í jẹ màlúù nítorí ẹ̀jẹ́ tó jẹ́ fún Kuan Im, òrìṣà tí wọ́n ń pè ní ìyá aláàánú, síbẹ̀ àràárọ̀ ló ń gé ọkàn màlúù, tó ń yọ ọ̀rá rẹ̀, tó ń lọ̀ ọ́. Bó bá ṣe tán, á fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dé ìgúnpá kó tó tan tùràrí níwájú ère. Bóyá Kuan Im bínú sí i, a kò mọ̀. Kò wí nǹkan kan.

Ní gbogbo àkókò yẹn, ohun kan ṣoṣo ni obìnrin yìí ń bẹ ọkọ rẹ̀ fún: kó ṣe táǹkì kan sí pálọ̀, kó gbin ewéko sí i, kí ẹja máa rìn láàárín ewé. "Tó bá yá," ni Teik Hin máa ń wí. Ó ń yá, ó ń yá, títí Li Peng, ọmọ wọn kan ṣoṣo, fi dàgbà tó sì lọ sílé ọkọ ní Ipoh.

Ilẹ̀ àgọ́ ẹja kì í gbẹ. Lọ́jọ́ kan orúnkún Siew Ngoh yẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé, ó ṣubú, kò sì lè sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àgọ́ mọ́. Àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé wá di ibùjókòó rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́.

"Bàbá Li Peng, ṣé ògiri yìí ni kí n máa wò títí n ó fi kú?"

"Tẹlifíṣọ̀n ńkọ́?"

"Tẹlifíṣọ̀n ò ní ìrù."

Bí Teik Hin ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó fọ yanrìn títí omi rẹ̀ fi mọ́ gaara. Ó rẹ igi gbígbẹ ńlá kan sómi títí igi náà fi gbà láti rì. Omi gbígbóná ni dískọ́ọ̀sì fẹ́, èyí tó pọ̀ jù nínú ewéko omi kò sì lè fara dà á, nítorí náà Boon Keat, tó máa ń ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀, ló bá a wá àwọn tó lè gbà á. Ó fi ìwé ìròyìn tútù wé wọn wá.

"Ẹ̀gbọ́n Hin, ẹ ti wá di àgbẹ̀! Ìgbà wo la máa ká ẹ̀fọ́?"

"Gbé e kalẹ̀ kó o máa lọ."

"Mò ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má fi iyọ̀ yín débẹ̀ o. Iyọ̀ á pa ewé."

Teik Hin gbìn wọ́n, ó sì fi omi náà sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìsí ẹja, kí omi lè gbó, kó lè bá ara ẹja mu. Lẹ́yìn náà ló kó ẹja pupa márùn-ún wọlé láti àgọ́. Inú gíláàsì òfìfo ni wọ́n ti dàgbà, wọn kò rí ewé rí. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, gbogbo wọn ti dúdú, wọ́n fún ara wọn pọ̀ sí kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Siew Ngoh gbọ́ bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń pòṣé.

"Kí ló ṣe wọ́n?"

"Wọ́n máa kú."

"Àlejò ni wọ́n. Fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n á mojú ilé. Bàbá Li Peng, má fi iyọ̀ sí i."

"Mi ò ní fi sí i."

Kò purọ́ nígbà tó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, aládùúgbò wọn fi mọ́tò gbé Siew Ngoh lọ sí ilé ìwòsàn nítorí orúnkún, ó wá ku Teik Hin àti ẹja dúdú márùn-ún. Ó wò wọ́n, ó rìn lọ, ó padà wá wò wọ́n. Ó lọ gbé garawa.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ẹja ti pọ́n. "Wá wò wọ́n!" Inú rẹ̀ dùn gan-an.

"Mò ń wò," ni Siew Ngoh wí láti orí àga rẹ̀.

Kò pẹ́ tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Wọ́n ń mọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ọ̀rá, wọ́n ń já, wọ́n ń léfòó. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo pálọ̀. Teik Hin ń ṣa ewé jíjẹrà lójú omi, ó ń sọ pé wọ́n á tún hù, kò sì jẹ́ kí ojú òun àti ti ìyàwó rẹ̀ ṣe mẹ́rin.

"O fi iyọ̀ sí i," ni obìnrin náà wí.

"Díẹ̀ báyìí ni."

"Ọjọ́ tí mo lọ sí ilé ìwòsàn."

Ọkùnrin náà ń nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò.

"Ẹja dúdú, ojú ẹsẹ̀ lo rí i. Orúnkún mi ti ń wú tipẹ́ kí n tó ṣubú. Ẹ̀gbẹ́ rẹ ni mò ń dúró sí nínú àgọ́ yẹn lójoojúmọ́. O ò rí i."

"O ò sọ fún mi."

"Ṣé ẹja ló sọ fún ẹ?"

Ojú ti Teik Hin, ìtìjú tó wọ̀ ọ́ lára. Ó kó ẹja padà sí àgọ́, ó da omi nù, ó tún yanrìn fọ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Boon Keat kó ewé mìíràn wá, ó wo ojú rẹ̀, kò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tí omi tuntun ti wà nílẹ̀, ó kúnlẹ̀ síwájú táǹkì, ó mú ewé àkọ́kọ́ lọ́wọ́, omi ń kán láti gbòǹgbò rẹ̀ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó yíjú sẹ́yìn.

"Ìyá Li Peng, ibo ni kí n gbìn ín sí?"

"Kọ́kọ́ dìde níbẹ̀," ni Siew Ngoh wí. "Wá jókòó síbí."

Ó fà á lọ́wọ́ sórí àpótí kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, níbi tó máa ń gbà wọlé láti àgọ́, ni Teik Hin dojú táǹkì náà kọ. Láti ibi àga ìyàwó rẹ̀, igi ńlá tó rì sínú omi nìkan lèèyàn lè rí. Ó bo gbogbo táǹkì náà.

Teik Hin kò bi ìyàwó rẹ̀ pé kí ló dé tí kò ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ó dìde, ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó sì yọ igi náà kúrò.