Kílófàá àti Ẹnu Wáyà Tó Jóná

Kílófàá kọ́ ni orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn ará ilé ló fi ń pè é láti kékeré, nítorí kò sí ohun tí kì í bi èèyàn: kí ló fà á tí omi fi ń hó, kí ló fà á tí bàbá fi ń hanrun. Ó di ìyá ọlọ́mọ, ìbéèrè kò dín. Abéèrè kì í ṣìnà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó lè sú èèyàn. Àbúrò rẹ̀ obìnrin nìkan ni kì í sú.

Àwọn méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe wáyà tó ń gbé iná fún káàdì àwòrán inú kọ̀ǹpútà. Ẹnu mẹ́ta ló wà lápá kan wáyà náà, tó ń gba iná. Ẹnu kékeré kan ló wà lápá kejì, tó ń wọ ara káàdì. Àbúrò ló ń ki eyín irin bọ ẹnu kékeré yẹn. Kílófàá ló ń ká wáyà, tó ń dì í sínú ọ̀rá.

"Kí ni káàdì yìí ń ṣe tó fi ń jẹ iná tó báyìí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, eré orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń fi ṣe. Wọ́n ní tí atẹ́gùn bá fẹ́ nínú eré náà, ewé kọ̀ọ̀kan ló ń mì lọ́tọ̀."

Odidi ọjọ́ yẹn ni Kílófàá fi ro ọ̀rọ̀ ewé.

Ká má purọ́, obìnrin náà mọ wáyà dì. Yóò tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn, nídìí ẹnu kékeré náà gan-an, yóò fà á le, yóò sì rí pẹlẹbẹ. Ọ̀gá tilẹ̀ gbé ọ̀kan kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì kí àlejò lè rí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀gá da àwọn wáyà tí oníbàárà dá padà sórí tábìlì. Róbà ẹnu wọn ti yọ́.

"Eyín ò wọlé dáadáa, ìyẹn ló ṣe gbóná tó fi yọ́," ó kọjú sí àbúrò. "Iṣẹ́ ẹ nìyẹn. Tó bá dìrọ̀lẹ́, máa lọ, má padà wá mọ́."

Àbúrò bú sẹ́kún. Inú Kílófàá bàjẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára wáyà, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹ̀gbẹ́ kan náà ló jóná lára gbogbo wọn. Kí ló fà á? Ẹni tí kò mọ eyín kì, ṣé ẹ̀gbẹ́ kan náà ni yóò máa gbàgbé? Ó mú èyí tí àbúrò ṣẹ̀ṣẹ̀ kì, tí òun kò tíì dì: eyín rẹ̀ tò gún. Ó wá tú ọ̀kan tí òun ti dì. Níbi tó ti tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn, eyín ẹ̀gbẹ́ kan ti fà sẹ́yìn.

Kò sẹ́ni tó rí i. Ó lè dá a padà sínú ọ̀rá. Ojú ń tì í, ẹ̀rù sì ń bà á, nítorí iṣẹ́ yìí ló fi ń tọ́mọ. Ó dìde.

"Ọ̀gá, ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Ìdì mi ló ń fa eyín sẹ́yìn. Ẹ wò ó."

Ọ̀gá wò ó, kò gbà. Ó lọ já èyí tó gbé kọ́ sẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ ara rẹ̀ tú u, ó sì rí i pé eyín tiẹ̀ náà ti fà sẹ́yìn.

"Àbúrò ẹ ò lọ síbì kankan," ó ní. "Gbogbo èyí tó wà nínú ọ̀rá, ìwọ lo máa tú u. Látòní lọ, má tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn mọ́, jẹ́ kó fẹ̀ dáadáa tó o bá ń ká a."

Ìdì tuntun náà burẹ́wà, ọ̀rá kò fẹ́ pa dé. Àbúrò fa àga sún mọ́ ọn, ó ń bá a tú u.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò bá ti dákẹ́ o."

"Mo mọ̀. Ta ni mi ò bá wá máa bi ní ìbéèrè?"